Màlúù Ògbà, Màlúù Oko-Ọba: Ìtàn Jíìnì Tí A Kò Kọ Sílẹ̀



Ọ̀kan nínú yín kọ̀wé sí mi láìpẹ́ yìí. Ó ní òun kà á pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ka jíìnì màlúù láti òkè délẹ̀, ó wá bi mí pé: "Ọ̀jọ̀gbọ́n, kí ló kan àwa ará Èkó nínú ìyẹn?" Ìbéèrè gidi ni. Mo fẹ́ fi ìtàn dáhùn rẹ̀, nítorí ìtàn ni mo fi jẹun. Mi ò sì ní lọ jìnnà kí n tó bẹ̀rẹ̀. Láàárín Ògbà àti Oko-Ọba ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Ní Ògbà, ní Ìkẹjà, ni ilé iṣẹ́ mílíìkì WAMCO wà. 1973 ni wọ́n dá a sílẹ̀, 1975 ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mílíìkì Peak níhìn-ín. Kó tó dìgbà náà, láti 1954, inú agolo ni Peak ti ń bá ọkọ̀ òkun wọlé láti ilẹ̀ Holland. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà sì ti dúró tán, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìyẹ̀fun mílíìkì láti òkè òkun ni wọ́n ń kó wá láti fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a ń rà.

Láti ibẹ̀ sí Oko-Ọba ní Agége kò jìnnà rárá, àfi tí gosiló bá mú yín. Odò ẹran ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wà níbẹ̀. Tírélà ń já màlúù òkè Ọya sílẹ̀, àwọn alápatà sì ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá ayé òyìnbó á mọ̀ pé "ọba" inú orúkọ Oko-Ọba kì í ṣe ọba aládé. Ìjọba ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Oko ìjọba ni orúkọ náà ń wí.

Màlúù méjì ló wá pàdé ní agbègbè wa yìí láìfojú kanra wọn. Èyí tó fún wa ní mílíìkì Ògbà, a lè rí orúkọ ìyá rẹ̀, ti ìyá-ìyá rẹ̀, àti iye wàrà tí ìkọ̀ọ̀kan wọn fún ènìyàn, nínú ìwé. Èyí tí wọ́n pa ní Oko-Ọba láàárọ̀ yìí, kò sí ibi tí wọ́n kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sí. Bóyá darandaran tó tà á mọ̀ ọ́n, òun náà sì wà lọ́nà jíjìn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò lónìí kò ju èyí lọ: jíìnì kò lè wúlò fún ẹran tí kò sẹ́ni tó kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé ló máa ń ṣáájú. Àwa sì ń pa tiwa tán kí a tó kọ ọ́.

Obì gòkè, màlúù sọ̀kalẹ̀

Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó. Ó gba Agége kọjá, ó dé Ìbàdàn ní 1901, nígbà tó sì fi máa di 1912, ó ti so Èkó mọ́ Kánò. Àwọn àgbẹ̀ ńlá Agége, irú bíi J. K. Coker, kòkó ni wọ́n kọ́kọ́ gbájú mọ́. Lẹ́yìn náà ni obì gbàǹja wá gba ọ̀pọ̀ oko. Obì yìí ni wọ́n ń dì sínú agbọ̀n, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú irin gbé lọ sí òkè Ọya. Màlúù sì ń bọ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Ìdí pàtàkì kan nìyí tí àwọn Hausa fi pọ̀ ní Agége láti ọjọ́ pípẹ́: obì ń gòkè, màlúù ń sọ̀kalẹ̀, àwọn ló mọ ọjà méjèèjì.

Ó dáa. Kí ló dé tí màlúù fi ní láti máa ti òkè Ọya wá? Ṣé kò sí koríko nílẹ̀ Yorùbá ni? Koríko pọ̀ nílẹ̀ wa ju ti Kánò lọ. Eṣinṣin ló dènà, eṣinṣin tsetse tó ń gbé kòkòrò àrùn láti ara ẹran kan sí òmíràn. Kòkòrò yìí máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹran á bẹ̀rẹ̀ sí í rù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa gbẹ, oyún á máa bàjẹ́ lára abo, ikú ló sì sábà máa ń kẹ́yìn rẹ̀ bí kò bá rí oògùn.

Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní ìtàn Ọ̀yọ́ á rántí eṣinṣin yìí. Òun ló jẹ́ kí ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ lágbára ní ilẹ̀ ọ̀dàn, tí wọn ò sì rí igbó wọ̀. Aláàfin ní láti máa ra ẹṣin láti òkè nígbà gbogbo nítorí pé ẹṣin kì í pẹ́ láyé bó bá ti sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Eṣinṣin tó dá ẹṣin Ọ̀yọ́ dúró náà ló dá màlúù Fúlàní dúró. Òun ló jẹ́ kí màlúù dé Agége bí àlejò, ẹran tí wọ́n kàn mú wá pa.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní màlúù tí kò nírù, Ọlọ́run ní í bá a lé eṣinṣin. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Màlúù kan wà nílẹ̀ wa tó rí ìrànlọ́wọ́ gbà lọ́dọ̀ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀.

Ẹran tí eṣinṣin kò rí gbé ṣe

Mùtúrù ni. Ó kúrú, kò ní iké, ìwo rẹ̀ kò gùn. Láti ayédáyé ló ti ń gbé inú igbó gúúsù, ní ìlú tí wọn kò ti mọ Fúlàní rí. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹran ìnáwó àti ẹran ètùtù ni, kì í ṣe ẹran tí wọ́n ń fún ní wàrà. Ìbátan rẹ̀ tó tóbi jù ú lọ ni N'Dama, tó ti agbègbè òkè Fúta Jálọ́ọ̀nù ní ilẹ̀ Gíní wá, tí wọ́n sì kó wá sí oko ẹran Faṣọlá lẹ́bàá Ọ̀yọ́. Ìkẹta ni Keteku, tó wà ní Bọ̀rgú àti apá òkè ilẹ̀ Ọ̀yọ́: àdàlù Mùtúrù àti màlúù funfun oníké tí Hausa ń pè ní Búnàjí, tí ìwé sì ń pè ní White Fulani.

Ẹ má rò pé eṣinṣin kì í jẹ Mùtúrù àti N'Dama o. Ó ń jẹ wọ́n. Kòkòrò náà ń wọ ẹ̀jẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kó pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ, ẹ̀jẹ̀ wọn kì í gbẹ bíi ti àwọn yòókù, wọ́n á sì máa jẹun, wọ́n á máa bímọ. Ìfaradà nìyẹn. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún tí wọ́n fi bá eṣinṣin gbé ló ṣa àwọn tó lè fara dà á, tó sì pa àwọn tí kò lè fara dà á.

Ẹ gbọ́ apá kejì ìtàn náà kí ẹ má bàa rò pé mo ń polówó Mùtúrù. Àjàkálẹ̀ àrùn kan wà tó ń jẹ́ rinderpest, tó gbá màlúù Áfíríkà lọ bí ìgbálẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nítorí rẹ̀ pàápàá ni ìjọba òyìnbó fi dá ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran sílẹ̀ ní Vom, lẹ́bàá Jos, ní 1924. Bí àrùn yẹn bá dé, Mùtúrù ló máa ń ṣe léṣe jù. Àwọn oníké ló máa ń fara dà á díẹ̀. Ó di 2011 kí wọ́n tó kéde pé ó ti kúrò láyé pátápátá. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé jíìnì báyìí "dára", ẹ bi í pé: níbo ni ó ti dára, nígbà wo, lójú ta ni?

Bàbá àlejò, ìyá onílé

Títí di ìgbà tí kò pẹ́, a rò pé Búnàjí jẹ́ àlejò pátápátá. Iké èjìká rẹ̀ jọ ti màlúù Íńdíà, àwọn ìwé sì ń pè é ní ọmọ Íńdíà. Ní 1994, Ronan Loftus, David MacHugh, Daniel Bradley, Patrick Cunningham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó wà ní Trinity College, ní ìlú Dublin, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n wo DNA kan tí ìyá nìkan ń fi lé ọmọ lọ́wọ́, lára màlúù Yúróòpù, Áfíríkà àti Íńdíà. Ohun méjì ló jáde. Èkíní, màlúù oníké Íńdíà àti èyí tí kò ní iké ti yapa síra láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ọdún, kí ènìyàn tó mú ẹran sìn rárá; nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ènìyàn mú màlúù wálé. Èkejì ló kàn wá jù: màlúù oníké Áfíríkà, ìyá rẹ̀ kì í ṣe ará Íńdíà. Ìran màlúù tí kò ní iké ni. Nígbà tí wọ́n sì wo DNA tí bàbá nìkan ń fún ọmọkùnrin, ti Íńdíà ni wọ́n rí lára àwọn oníké wọ̀nyẹn.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Àwọn akọ oníké ló wọ̀lú, wọ́n sì bá àwọn abo onílé bímọ, ìran dé ìran. Láìsí ìwé kankan, ẹ̀jẹ̀ ròyìn ìṣíkiri àti òwò tí kò sẹ́ni tó kọ.

Ní 2020, àwọn oníwádìí kan, Olivier Hanotte wà lára wọn, tún ka gbogbo DNA màlúù Áfíríkà 172, Mùtúrù wà nínú wọn. Wọ́n ṣírò pé àdàlù ńlá náà ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 750 sí 1,050 sẹ́yìn, àsìkò tó bọ́ sí ìgbà tí Ilé-Ifẹ̀ ń gbèrú bí ìlú ńlá. Látìgbà náà, ojú ọjọ́ àti àrùn ti ń ṣa jíìnì jọ: ti Íńdíà ló ń borí níbi tí ọ̀rọ̀ bá kan oòrùn àti eégbọn, ti onílé ló sì dúró níbi tí ọ̀rọ̀ bá kan ìfaradà àrùn eṣinṣin. Màlúù tí ẹ rí lórí tírélà ní òpópónà Agége, àkójọ ìwé ìtàn ni.

Ìdánwò Nairobi

Ẹnì kan á ní: bó bá jẹ́ pé jíìnì ló ń ran N'Dama lọ́wọ́, kí wọ́n yọ ọ́ jáde kí wọ́n fi sára màlúù ńlá, ká sinmi. Àwọn tó gbìyànjú rẹ̀ kò ṣe eré. Wọ́n gbé ọlẹ̀ N'Dama láti Gámbíà lọ sí Nairobi, ní Kẹ́ńyà, wọ́n gbé e sínú abo màlúù ibẹ̀ kí wọ́n lè bí i. Wọ́n fi N'Dama tí wọ́n bí bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ Boran, màlúù oníké ìlà-oòrùn Áfíríkà tí àrùn eṣinṣin máa ń pa. Wọ́n tún fi àwọn ọmọ wọn pọ̀ mọ́ra. Nígbà tí àwọn ọmọ-ọmọ dé, 177 lójú ìwọ̀n, wọ́n fi kòkòrò náà sí wọn lára, wọ́n sì ń wọn ẹ̀jẹ̀ àti ìwúwo wọn lójoojúmọ́ ìdánwò. Wọ́n wá fi àmì DNA 477 wá ibi tí ìfaradà pamọ́ sí. Ní 2003 ni Hanotte àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì jáde.

Ibi méjìdínlógún ni wọ́n rí! Kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó jẹ́ ọba. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ní mẹ́sàn-án nínú wọn, ẹ̀dà tó dára ti ọ̀dọ̀ N'Dama wá. Ní márùn-ún, ọ̀dọ̀ Boran ló ti wá. Àní Boran tí àrùn ń pa! Ìyẹn ni pé ẹran aláìlágbára náà ní ohun tí alágbára kò ní. Bẹ́ ẹ bá so méjèèjì pọ̀ dáadáa, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí ẹran tó ju N'Dama fúnra rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó gbà. Bàbá àgbà, ìyá àgbà, bàbá, ìyá, ọmọ: orúkọ gbogbo wọn wà nínú ìwé. Iye ẹ̀jẹ̀, ìwúwo ara: gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé. Ká ní wọ́n kàn lọ gba ẹ̀jẹ̀ màlúù 177 ní odò ẹran, wọn ì bá má rí nǹkankan.

Ìwé ni wọ́n fi kọ́ Friesian

Ẹ jẹ́ ká padà sí màlúù Ògbà. Friesian, màlúù dúdú-funfun inú àwòrán, ti ẹkùn Friesland ní ilẹ̀ Holland wá. Àwọn Holland ṣí ìwé ìran màlúù wọn ní 1874. Friesland ṣí tirẹ̀ ní 1879. Ní 1895, àwọn àgbẹ̀ ìlú Vejen, ní Dẹ́ńmáàkì, kó owó jọ, wọ́n gba ẹnì kan tí á máa lọ láti oko dé oko láti wọn wàrà màlúù kọ̀ọ̀kan àti ọ̀rá inú rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ lásán ni wọ́n o! Ní 1936, àwọn ará Dẹ́ńmáàkì náà dá ẹgbẹ́ tó ń fi àtọ̀ akọ kan gún abo púpọ̀ sílẹ̀. Ní 1949, Christopher Polge àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí ọgbọ́n tí a fi ń di àtọ̀ bíi yìnyín láìpa á. Akọ kan tó ti kú lè máa bímọ kiri ayé látìgbà náà.

Wàhálà kan ṣì wà. Akọ kì í fún wàrà. Kí wọ́n tó mọ̀ bóyá akọ kan ní jíìnì wàrà, wọ́n ní láti dúró kí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ dàgbà, kí wọ́n bímọ, kí wọ́n fún wàrà: ọdún márùn-ún, mẹ́fà. Ní 2001, Theo Meuwissen, Ben Hayes àti Mike Goddard kọ ìṣirò kan pé ó ṣeé ṣe láti fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún àmì DNA sọ ohun tí ọmọ màlúù máa dà ní ọjọ́ tí wọ́n bá bí i. Ní ìparí 2007, chip tó ń ka àmì bí 54,000 lẹ́ẹ̀kan náà dé ọjà. Ní 2009, wọ́n tẹ àkọsílẹ̀ gbogbo jíìnì màlúù jáde, láti ara abo Hereford kan tó ń jẹ́ Dominette. Nǹkan bí jíìnì 22,000 ni. Lọ́dún kan náà, Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi DNA díwọ̀n akọ màlúù wàrà wọn. Abo Holstein ibẹ̀, ọmọ ìyá Friesian, ń fún wọn ní wàrà tó ju kìlò 10,000 lọ lọ́dún. Búnàjí lọ́wọ́ darandaran wa, lítà kan sí méjì lóòjọ́ ni wọ́n sábà ń rí fún lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ ti mu tirẹ̀.

Chip náà kò mọ nǹkankan fúnra rẹ̀. Ìwé tí wọ́n ti ń kọ láti 1874 ló kọ́ ọ. Wọ́n gbé àmì DNA síwájú àkọsílẹ̀ wàrà ẹgbẹẹgbẹ̀rún màlúù, ìṣirò wá sọ èyí tó bá èyí rìn. Bó bá jẹ́ pé àmì nìkan ni, tí kò sí àkọsílẹ̀, lẹ́tà tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n kà ló jẹ́.

Wọ́n sì jìyà tiwọn náà. Akọ kan tó ń jẹ́ Pawnee Farm Arlinda Chief, tí wọ́n bí ní 1962, ní ọmọbìnrin tó tó 16,000. Wàrà ìran rẹ̀ mú owó tabua wọlé. Ṣùgbọ́n àbùkù kan wà nínú jíìnì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní APAF1. Ọlẹ̀ tó bá jogún àbùkù náà láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá kì í dáyé. Nígbà tí wọ́n máa fi rí i, oyún tí wọ́n ṣírò pé ó ti bàjẹ́ kárí ayé tó ìdajì mílíọ̀nù, owó tó bá a lọ sì jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 420 dọ́là. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Ìwé náà ni. Wọ́n rí i pé ẹ̀dà méjì irú rẹ̀ kò fara hàn rí lára màlúù tó wà láàyè. Ẹni tí kò kọ nǹkan sílẹ̀, àdánù rẹ̀ á kọjá láìjẹ́ pé ó mọ̀.

Òṣùwọ̀n ẹlòmíràn

Ẹnì kan á sọ pé: ó dáa, ká ra chip yẹn ká fi ka tiwa. Ẹ fara balẹ̀. Ara màlúù Yúróòpù ni wọ́n ti ṣa púpọ̀ nínú àmì 54,000 wọ̀nyẹn. Ibi tí màlúù wọn ti yàtọ̀ síra ni chip náà ń wò. Ibi tí màlúù tiwa ti yàtọ̀ síra, ó lè má wò ó rárá, yóò wá jọ pé tiwa kò ní oríṣiríṣi nínú. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan bá fi ìwé orúkọ ará Amsterdam ka iye ìdílé tó wà ní Agége, tó wá sọ pé ènìyàn kò pọ̀ níbẹ̀.

Inú mi dùn pé àwọn ọmọ wa rí i. Ikhide Imumorin, ọmọ Nàìjíríà tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, tó sì bá àwọn olùkọ́ Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ Abẹ́òkúta ṣe ìwádìí lórí ẹran ilẹ̀ wa, wà lára àwọn tó tẹ ọ̀nà kan jáde ní 2013. Ọ̀nà náà ń ka DNA tààrà láìdúró de àmì tí ẹlòmíràn ti yàn sílẹ̀, kò sì náni lówó púpọ̀. Màlúù 47 láti ìran méje, ti Amẹ́ríkà àti ti Áfíríkà, ni wọ́n fi dán an wò.

Mo gbọ́dọ̀ sọ pé ìwé náà lè parọ́. Ní erékùṣù St. Croix, ní Karíbíánì, màlúù kan wà tó ń jẹ́ Senepol. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé N'Dama tí wọ́n kó láti Sẹ̀nẹ̀gà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni bàbá ńlá rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń fara da oòrùn. Ní 2012 wọ́n ka DNA rẹ̀: ti Yúróòpù ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀, ti oníké díẹ̀, N'Dama kò tó nǹkan. Jíìnì kan tó ń mú irun ara rẹ̀ kúrú ló ń bá a gbé oòrùn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn, ẹ ti mọ ẹ̀kọ́ yìí: ẹlẹ́rìí méjì sàn ju ọ̀kan lọ. Kí ìwé sọ tirẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ sọ tirẹ̀, ká wá gbé wọn síwájú ara wọn.

Ohun tó ń kú ní Oko-Ọba

A kò jókòó lásán nílẹ̀ yìí. Láti 1928 ni oko ẹran Shika lẹ́bàá Sáríà ti wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi Friesian pọ̀ mọ́ Búnàjí. Ọmọ àkọ́kọ́ irú àdàlù bẹ́ẹ̀ máa ń fún ní wàrà púpọ̀ ju ìyá rẹ̀ lọ, ó sì máa ń fara da ilẹ̀ wa ju bàbá rẹ̀ lọ. Ìṣòro máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fi àwọn ọmọ wọ̀nyẹn pọ̀ mọ́ra: àwọn kan á lọ sọ́dọ̀ bàbá, àwọn kan á padà sọ́dọ̀ ìyá, bíi àgbàdo àgírìkì tí ẹ tún gbin irúgbìn rẹ̀ lọ́dún kejì. Ẹni tó ní ìwé nìkan ló lè ṣa wọ́n. Ilé iṣẹ́ Ògbà náà ti ń ra wàrà lọ́wọ́ àwọn darandaran ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti nǹkan bí 2011. Ní 2019, nígbà tí báńkì àgbà orílẹ̀-èdè sọ pé owó òkè òkun fún mílíìkì kò ní rọrùn mọ́, gbogbo ènìyàn wá rántí pé a ní màlúù.

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé ọjà Èkó ń ṣa màlúù lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n òdì ló ń ṣa á. Ta ni wọ́n ń gbé wá sí Oko-Ọba? Akọ tó sanra, tó tètè dàgbà, tó fara da ọ̀nà. Èyí tó yẹ kó bímọ púpọ̀ ni owó ń pè jù. Èyí tó rù, tí kò mówó wá, ó ṣeé ṣe kó dúró sílé kó máa gun abo. Àwọn dókítà ẹran sì ti kọ ọ́ léraléra pé wọ́n ń pa abo tó lóyún ní odò ẹran ilẹ̀ wa. Ìwádìí nípa ẹran Nàìjíríà tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1992 sọ pé màlúù wa tó mílíọ̀nù 13.9, Búnàjí sì jẹ́ nǹkan bí 37 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Mùtúrù kéré jọjọ nínú wọn. Ó ń kéré sí i nítorí pé kò tóbi, tí alápatà kò sì wò ju ìwọ̀n ara lọ. Bí oòrùn bá ń le sí i, tí oògùn àrùn eṣinṣin kò bá ràn mọ́, lọ́dọ̀ ta ni a ó ti lọ tọrọ ìfaradà tí a fi ọwọ́ ara wa jẹ tán?

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹran o. Èmi náà ń jẹ ẹ́. Ohun tí mo ń sọ kò le. Kí àmì wà létí ẹran, kí nọ́ńbà wà lórí rẹ̀. Kí irun bíi mélòó kan, tó ní gbòǹgbò, jáde lára màlúù kọ̀ọ̀kan ní Oko-Ọba kí ọ̀bẹ tó dé, kí wọ́n kọ ọjọ́, ọjà tó ti wá àti ìwọ̀n ara sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ibòmíràn ní gúúsù tí oríṣiríṣi màlúù Nàìjíríà ti ń péjọ báyìí lójoojúmọ́. Kí àwọn ọ̀dọ́ oníwádìí sì máa jókòó ti darandaran, nítorí Fúlàní mọ ìran abo rẹ̀ lórí bí àwa ṣe mọ oríkì. Ìwé ni ìyẹn náà, ẹnu ló ṣì wà. Kí oko ẹran ìjọba tó bá ṣì ní Mùtúrù àti N'Dama má tà wọ́n tán nítorí owó oṣù.

Àwọn àgbẹ̀ Vejen kò mọ ohun tó ń jẹ́ DNA ní 1895. Wọ́n kàn wọn wàrà, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ-ọmọ wọn ló jèrè. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé iṣẹ́ ìjọba, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní yunifásítì, ẹ̀yin ọmọ alápatà Agége tí ẹ ti di ẹlẹ́kọ̀ọ́: ọwọ́ yín ni ìwé náà wà báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó kọ̀wé sí mi. Mo mọ àwọn tó lè kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gba irun ẹran, èmi náà á sì bá a ka ìwé ìtàn tó bá yẹ.

Ó dìgbà kan ná.